Ta Ló Ń Bu Oúnjẹ fún Yín?

Aránṣọ ni mí. Kí wọ́n tó ṣe afárá Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti wà nídìí máṣíìnì ládùúgbò náà. Ewu kan wà nínú iṣẹ́ wa tí àwọn èèyàn kì í fura sí: aṣọ kì í há mọ́ aránṣọ lára. Bí bùbá bá ti ń fún mi lábíyá, màá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́, màá fi ìǹṣì kan kún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo pé síkẹ́ẹ̀tì ò wọ̀ mọ́, èmi ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ àfi ti dígí, ọ̀rọ̀ tó sì dùn mọ́ mi ni dígí ń bá mi sọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Obìnrin tó bá tóbi, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, òun ni wọ́n ń sọ pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ìyá, ara yín dá o, owó ti wọlé." Màá rẹ́rìn-ín, màá ṣe àmín.

Orúnkún ọ̀tún ni kò bá wa ṣe àmín. Bí mo bá jókòó pẹ́ nídìí iṣẹ́, dídìde á di ogun. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo fi ń ṣíwájú lórí gbogbo àtẹ̀gùn ilé wa. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, wọ́n máa ń po oògùn ara ríro pọ̀ fún mi sínú ọ̀rá kékeré: funfun kan, pupa kan, àti kóró kékeré kan tí wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ìrora á lọ, oúnjẹ á sì máa dùn lẹ́nu mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní ara ti ń yá nìyẹn.

Òǹgbẹ àti ìtọ̀ òru ló gbé mi dé ọsibítù níkẹyìn. Kílò 98 ni mí lọ́jọ́ náà, gíga mi kò sì ju mítà 1.6 lọ. Àwọn dókítà ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń gbé kílò èèyàn lé gíga rẹ̀. Tó bá ti tó 30, wọ́n á ní ìsanra náà ti di àìsàn. Tèmi lé ní 38. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi jẹ́ 160 lórí 100. Ṣúgà àárọ̀, kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, jẹ́ 190, bẹ́ẹ̀ láti 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ.

Èrò pọ̀ níwájú dókítà tó rí mi. Kò gbójú sókè nínú fáìlì. "Màmá, ẹ ti sanra jù. Ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá." Ó kọ oògùn, ó pe ẹni tó kàn. Kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́: kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn lọ máa ṣe eré ìdárayá, kí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà dín oúnjẹ kù, láìsọ bó ṣe máa kéré tó, láìsọ pé bí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò dín, ṣúgà lè já wálẹ̀ kó sì gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Àìsàn kan ń dènà ìwòsàn èkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà fún. Mo padà sílé, mo sunkún díẹ̀, mo sì jẹ iyán.

Nígbà tí mo tún lọ, dókítà mìíràn ló wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí mo bí irú rẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo oògùn tí mò ń lò nílé wá, títí kan àgbo. Mo da ọ̀rá oògùn sórí tábìlì rẹ̀. Ó fi ìdí bírò yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, ó dé orí kóró kékeré tí kò lórúkọ, ó dákẹ́. Dexamethasone ni. Ó ní ó ń pa ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú kí ebi máa pa èèyàn ṣáá, ó sì ń kó ọ̀rá jọ sí ojú àti ikùn. Diclofenac tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò bá ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dáa fún kíndìnrín. Oògùn tí mò ń lò nítorí orúnkún ló tún ń di ẹrù lé orúnkún lórí. Kò ní kí n já a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan o. Ara tí dexamethasone bá ti mọ́ lè dá wó bí wọ́n bá já a gbà lójijì, nítorí náà ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó ń pè mí padà kó lè máa ṣọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní, "Màmá, ẹ má ro pé ọ̀kánjúwà nìkan ló sọ yín di báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn tú nǹkan kan sílẹ̀ nínú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé wọ̀bìà ni mí. Ẹni tó bá sì ti gbà bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, kí ló tún fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu fún?

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn kílò ló wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. "Mà, ta ló ń bu oúnjẹ fún yín nílé?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ni. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń ráyè dáná. Láàárín ọ̀sẹ̀, alẹ́ ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù dé, òun ló ń rokà, òun ló ń bù ú. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ mú un dání nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀."

Mo mú un dání. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ni. Ó yọ abọ́ pẹrẹsẹ kan, ó fi ìka pín in: ìdajì fún ẹ̀fọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin fún òkèlè tàbí ìrẹsì, ìdá kan tó kù fún ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà. Ó ní òkèlè náà kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù ọwọ́ èmi tí mo fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ọmọ wo ìkúùkù mi, ó wò mí lójú. "Mọ́mì, ìlọ́po mẹ́ta èyí ni mo máa ń bù fún yín." Mo ní kí ló dé. Ó ní bí òun bá bù ú kéré, ẹni tó bá wọlé á rò pé òun ń ṣahun sí ìyá òun ni.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú kọ́ọ̀bù tíì kan, ó fi omi tútù ra inú rẹ̀, ó gbọ́n àmàlà sí i, ó dà á dé sórí abọ́. Àmàlà náà dá dúró róbótó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣọkọ gba ìdajì abọ́, ẹja gba ibi tó kù. Kó tó bu ọbẹ̀, ó fi ṣíbí gbá epo tó léfòó kúrò lójú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé èyí ni oúnjẹ?" Ó ní, "Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn, Mọ́mì." Ọmọ tó ti ń bẹ̀rù mi látọjọ́ tó ti dáyé kò mira. Bí mo bá dìde lọ sí ìdí ìkòkò, á ti bò ó, á ti gbé e kúrò nílẹ̀. Inú bí mi lóríṣiríṣi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, pẹ̀lú ìkòkò àmàlà tó ń gbóná? Mo mọ ẹni tó máa borí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni ti wíìtì. Gbogbo ìlú ló ń sọ pé kí ẹni tó ní ṣúgà máa jẹ wíìtì tàbí elùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì máa ń rò ó gègèrè, a ó fi ọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní àwọn náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí òkè wíìtì bá ga tó òkè iyán, asán ni. Gbẹ̀gìrì tí mo rò pé wọ́n á kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi, òun ni wọ́n fi sílẹ̀, torí ẹ̀wà ni, kí epo rẹ̀ ṣáà ti mọ níwọ̀n. Iyọ̀ náà dín kù, pẹ̀lú magí tí a máa ń fọ́ sọ́bẹ̀ láìkà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ò sì tó ṣíbí tíì kan. Ilé tí wọ́n ń lo magí bíi tiwa ti kọjá ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọkọ mi ló ṣòro. Kò sọ pé òun ò fẹ́ kí n fọn, ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á ra súyà, á ra máltì tútù, á gbé e síwájú mi, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á fà ro. Mo máa ń ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Á ní, "Olúwa á ràn ẹ́ lọ́wọ́." Lọ́jọ́ kejì, á tún ra súyà. Ìgbà tí mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni nǹkan yí padà. Mo ní, "Dádì, ẹ má ra máltì wálé mọ́. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹyin fún mi. Kí ẹ sì máa sìn mí dé ìkóríta láràárọ̀ bí mo bá ń lọ rìn, torí ẹ̀rù ìdájí ń bà mí." Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Láti ìkóríta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rìn dé iwájú díẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun gan-an ló wá sọ pé òun fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ó ní in. Àwa méjèèjì la jọ ń lo oògùn báyìí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn wa kò ṣahun ìrànlọ́wọ́. Wọn ò mọ èwo ni ká ṣe. Bí a bá sọ fún wọn pé ara ń ni wá, àdúrà ni wọ́n mọ̀, wọ́n á sì gbà á tọkàntọkàn. Bí a bá dárúkọ nǹkan tó ṣeé gbé, wọ́n á gbé e.

Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, wàhálà mìíràn dé, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Kí ló ń jẹ ọ́? Ṣé ọkọ ẹ ò fún ẹ lówó oúnjẹ mọ́ ni?" Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ìyá, ẹ mà ti rù o! Ṣé kò sí?" Ojú tí wọ́n fi ń wò mí yé mi. Nílùú yìí, ẹni tó bá ṣàdédé rù, àìsàn tí wọn kì í dárúkọ ni wọ́n ń rò sí i, tàbí gbèsè, tàbí ọkọ tó ti fẹ́ ìyàwó síta. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi orúkọ mi sínú àdúrà láìbi mí. Obìnrin tó bá ń sanra kò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi "ara yín dá". Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ara rẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dárò. Mo ka èyí sí ìwà tí kò bójú mu rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn.

Mo pinnu pé mi ò ní fi bò mọ́. Bí oníbàárà bá ti béèrè, màá dá a lóhùn láàárín ṣọ́ọ̀bù, létí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: "Ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní. Dókítà ló ní kí n fọn, mo sì ń fọn." Ọ̀pọ̀ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí mò ń ránṣọ fún ó ti pẹ́, fa àga sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà. Ọdún ti gorí ọdún. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀." Kí oṣù náà tó parí, a ti di mẹ́rin: èmi, tíṣà, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó lómi lára jù wá lọ, tí dókítà ti sọ fún pé bí kò bá fọn, nǹkan oṣù rẹ̀ lè má tò.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ìdájí lágbègbè pápá ìṣeré Adámásingbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí orúnkún rẹ̀ burú jù ló sì ń ṣíwájú, kó má bàa sí ẹni tí wọ́n á fi sílẹ̀. A ń yẹra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí ìlú olókè ni Ìbàdàn, sísọ̀kalẹ̀ ló sì ń pa orúnkún mi lára ju gígùn lọ. Níbi tó dé báyìí, ìṣẹ́jú 30 la ń rìn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ pé kò yẹ kó dín sí bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìtara ló ń jí mi. Oorun dùn ní aago márùn-ún ju bó ṣe dùn ní ọ̀gànjọ́ lọ. Àmọ́ tíṣà á ti wà ní ìkóríta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún, ojú á sì tì mí láti jẹ́ kó dúró dè mí nínú òtútù. Ìtìjú yẹn ló ń gbé mi dìde. Bí mo bá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ni ìtara tó máa ń dé, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í dé rárá.

Ọjọ́ kan, ìyá aláṣọ òkè ń gbààwẹ̀, ó sì ti lo oògùn ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. A ò tíì rìn jìnnà tí òógùn tútù fi bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ló sáré lọ kan ilẹ̀kùn onítíì, ó gba ṣúgà onígun, a fi sí i lẹ́nu, ojú rẹ̀ walẹ̀. Glibenclamide ló ń lò, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀ bí èèyàn ò bá jẹun. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ nínú wa á kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jáde láìsí ṣúgà onígun nínú àpò.

Ní ti orúnkún, àwọn físíò ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe lórí ìjókòó. Màá na ẹsẹ̀ kan síwájú lábẹ́ máṣíìnì títí tí iṣan itan á fi le, màá ka eéní dé ẹẹ́wàá, màá sọ ọ́ kalẹ̀, màá na èkejì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń rán mi létí, bí wọ́n bá ti rí i pé mo ti pẹ́ lórí aṣọ kan, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹsẹ̀!" Bí èèyàn bá dín kílò kan kù, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo pàdánù kílò mẹ́fà àkọ́kọ́, bí ẹni pé wọ́n gbé ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kúrò lórí orúnkún mi ni. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní kílò mélòó kan ò lè ṣe nǹkan kan.

Òde ò ṣeé yẹ̀ fún aránṣọ. Ẹni tí a bá ránṣọ ẹbí fún á fẹ́ rí wa níbẹ̀. Mo máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín kan nílé kí n tó jáde, omi ni mo sì ń mu níbẹ̀. Ìgò mínírà onísẹ́ńtílítà 50 kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, ìyẹn ju ṣúgà onígun mẹ́wàá lọ. Ta ló máa kó ìyẹn sínú tíì rẹ̀?

Ti àwọn tíì tí wọ́n fi ń fọn, mo ti rí i lára ọ̀dọ́bìnrin inú wa: púpọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n ń yà, omi ara ló ń lọ, bó bá ti mumi tán, kílò á padà. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní semaglutide ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, dókítà sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju owó ṣọ́ọ̀bù mi lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí apòògùn.

Kílò 86 ni mí báyìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù máa ń fi téèpù wọn ikùn mi, á kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n láàárín orúkọ àwọn oníbàárà. Mo bẹ̀ ẹ́ rí pé kó fà á le díẹ̀, ó kọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé wọn kì í fa téèpù. Ìǹṣì 46 ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí, 41 ló wà lóṣù yìí. Àwọn dókítà ń fẹ́ kí ikùn obìnrin má ju 35 lọ. Ọ̀nà ṣì jìn. Ṣúgà àárọ̀ mi kì í sábàá ju 120 lọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní nǹkan bíi 130 lórí 80, dókítà sì ti yọ oògùn kan kúrò nínú tèmi. Mo ṣì ń lo ìyókù, orúnkún ṣì ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ìgbà Kérésìmesì tó kọjá, kílò méjì padà wá, ó sì wà lára mi títí wọ oṣù kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ní kí ẹ lọ fọn, ẹ mú ẹni tó ń bu oúnjẹ fún yín dání lọ sí ọsibítù. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ, pàápàá èyí tí kò lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì rí ẹni tó fọn lójú títì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ké mọ́ ọn pé ó ti rù. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ ẹni tí á máa bá a rìn. Ẹni tó bá wà nítòsí Mọ́kọ́lá, tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, kó wọ bàtà tó tẹ́, kó fi nǹkan díẹ̀ sẹ́nu kó tó jáde, kó sì mú ṣúgà onígun dání. A kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.